Síìmù, ráútà, tàbí Starlink inú àgbàlá: èwo ni bọ́ọ̀lù kì í há lórí rẹ̀ ní Àkúrẹ́?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi nítòsí Ọjà Ọba ni mo wà. Nàìjíríà àti South Africa ń gbá bọ́ọ̀lù tó ṣáájú àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Bouaké, aṣọ ìgbéyàwó kan sì wà nílẹ̀ tí oníbàárà fẹ́ wá gbà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò sí bí mo ṣe lè lọ sí ilé ìwòran. Mo gbé fóònù ti rẹ́ẹ̀lì òwú lórí máṣíìnì, mo ń ran kọ́là, mo sì ń wò. A ti fi ẹyọ kan ṣáájú. Àfi bí àwọn ará ilé ìwòran tó wà ní ìsọdá gọ́tà ṣe bú sígbe: "Góòòòlù!" Lórí fóònù tèmi, ẹsẹ̀ àwọn South Africa ni bọ́ọ̀lù ṣì wà. Òrùka kékeré yẹn wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Nígbà tó máa fi ṣí, tí Osimhen gbá a wọlé tí èmi náà fò sókè, ìsọdá gọ́tà ti dákẹ́ rọ́rọ́. VAR ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n padà fagi lé góòlù náà, wọ́n sì fún South Africa ní pẹnáritì. Èmi nìkan ni mo ń yọ̀ ní gbogbo àdúgbò. (A ṣáà borí nígbẹ̀yìn, pẹnáritì 4 sí 2.)

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń dán ọ̀nà oríṣiríṣi wò, ní ṣọ́ọ̀bù àti nílé mi ní Ìjọ̀kà, torí iṣẹ́ tiwa kì í jẹ́ kéèyàn dìde nídìí máṣíìnì. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé ìṣòro méjì là ń pè ní orúkọ kan. Kí àwòrán máa há, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kí ó máa pẹ́ dé, ọ̀tọ̀ nìyẹn náà. Èyí tó burú ńbẹ̀ ni pé ohun tó bá wo èkíní sàn sábà máa ń dá kún èkejì. Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó ń dùn yín jù kí ẹ tó náwó.

Kí ló dé tí bọ́ọ̀lù ń há, tí fíìmù kì í há?

Aládùúgbò mi kan bi mí bẹ́ẹ̀: "Bọ̀dá Télọ̀, fóònù yìí kan náà ni mo fi wo fíìmù parí lánàá, kò há lẹ́ẹ̀kan. Kí ló wá ṣe é lónìí?" Ìbéèrè gidi ni. Fíìmù dà bí omi inú àmù. Ẹ ti pọn ọ́n sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá dá fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó ṣì rí nǹkan bù mu. Fóònù máa ń sáré gba ìṣẹ́jú mélòó kan pamọ́ níwájú ibi tí ẹ ń wò. Bọ́ọ̀lù tó ń lọ lọ́wọ́ kò ní àmù, torí ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbá kò ṣeé pọn pamọ́. Abẹ́ ẹ̀rọ gan-an lẹ gbé ife sí. Bó bá ti dá, òùngbẹ dé nìyẹn.

Kì í tilẹ̀ ṣàn bí omi. Wọ́n máa ń gé àwòrán náà sí wẹ́wẹ́, ègé kan sì sábà máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá 6. Ọ̀pọ̀ áàpù kì í bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n á fi ní ègé bíi mẹ́ta lọ́wọ́. Ìyẹn nìkan ti di ìṣẹ́jú àáyá 18. Ẹ fi àkókò tí wọ́n fi gé e, tí wọ́n fi fún un pọ̀ kí ó lè fúyẹ́, tí wọ́n sì fi gbé e dé Àkúrẹ́ kún un, ẹ ti ń lọ sí 30 tàbí 40 nìyẹn. Àwo orí òrùlé ilé ìwòran náà ń pẹ́, àmọ́ ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré ni. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín tilẹ̀ dára bí ojú, wọ́n á ṣì pariwo ṣáájú yín. Kò sí dátà tí ẹ lè rà tó máa wo ìyẹn sàn.

Ohun mìíràn tún ni pé oríṣiríṣi ìwọ̀n ni wọ́n máa ń ṣe ègé kọ̀ọ̀kan sí, bí ìgbà tí a bá rán yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé ní nọ́ńbà kékeré títí dé ńlá. Fóònù á mú èyí tó bá ọ̀nà mu lásìkò náà. Ìdí nìyẹn tí àwòrán fi máa ń ṣú lójijì, tí á tún mọ́ padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bínú sí ṣíṣú yẹn, wọ́n á lọ tẹ HD, ìyẹn àwòrán tó mọ́ kedere, mọ́ ọn lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Fóònù ń dín nọ́ńbà aṣọ kù kí ó má baà ya ni. Bí ẹ bá fi dandan lé HD, òrùka yíyí lẹ pè wá.

Àwòrán ńlá, àwòrán kékeré

Ìyára tí YouTube ní kéèyàn ní ló wà láàárín tábìlì yìí; Mbps ni wọ́n fi ń wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà tó wà níwájú "p" sì ń sọ bí àwòrán ṣe mọ́ tó. Ìṣirò dátà jẹ́ tèmi: Mbps 1 tó bá ń ṣàn láìdá fún wákàtí kan á jẹ bíi MB 450. Mo ka bọ́ọ̀lù kan sí wákàtí méjì, pẹ̀lú ìsinmi.

| Ìwọ̀n àwòrán | Ìyára | Dátà fún bọ́ọ̀lù kan |
|---|---|---|
| 360p | Mbps 0.7 | bíi MB 630 |
| 480p | Mbps 1.1 | bíi GB 1 |
| 720p | Mbps 2.5 | bíi GB 2.25 |
| 1080p | Mbps 5 | bíi GB 4.5 |

Lójú fóònù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, 480p tó mi. Mo ń rí bọ́ọ̀lù, mo ń rí nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ bí kámẹ́rà bá sún mọ́ ọn. 720p dùn-ún wò lóòótọ́, àmọ́ ìlọ́po méjì dátà ni, owó dátà kò sì rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ láti ìgbà tí NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti fàyè gba àfikún owó ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Bọ́ọ̀lù tí ẹ bá wò ní 360p, pápá á dà bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí èèrà ń sáré lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn ní 360p kò sí láburú kankan, torí olùka ìròyìn kì í sáré. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń mì. Nínú bọ́ọ̀lù, gbogbo nǹkan ló ń rìn lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Ní ti 1080p lórí fóònù, n ò rí ìdí rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó fún áàpù nítorí HD, ẹ wo nǹkan kan tí àwọn tó ń ta fóònù kì í sọ. Widevine lorúkọ rẹ̀, òun ni àgádágodo tí àwọn áàpù tó gbowó fi ń dáàbò bo àwòrán wọn. Bí tiyín bá jẹ́ L1, ẹ ó rí HD. Bó bá jẹ́ L3, bí ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ṣe rí, Netflix kò ní fún yín ju 480p lọ, àwọn áàpù mìíràn náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Áàpù ọ̀fẹ́ kan wà lórí Play Store tó ń jẹ́ DRM Info. Ẹ ṣí i, á sọ ti fóònù yín. Oníbàárà mi kan ra dátà ńlá nítorí HD ní gbogbo oṣù, fóònù rẹ̀ sì jẹ́ L3. Nígbà tí mo fi hàn án, ó ní, "Ẹ̀yin náà ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí!" Bí ẹni pé èmi ni mo ta fóònù fún un.

Síìmù inú fóònù

Èyí lọ́pọ̀ wa ń lò, òun náà ló ṣòro jù láti dá lẹ́jọ́. Ẹ bi èèyàn mẹ́ta ní Adéṣidà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló dára, ẹ ó gbọ́ orúkọ mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó purọ́. Níbi tí oníkálukú jókòó sí ló ń sọ.

Ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà ni mo fi ṣe é. Lẹ́yìn ìwọ̀n agbádá bàbá kan, mo fa ìlà, mo kọ síìmù mẹ́ta: ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, ilé láàárọ̀, ilé lálẹ́. Síìmù tó ń fún mi ní Mbps 20 ní ṣọ́ọ̀bù láago mọ́kànlá àárọ̀ kì í fún mi ní ẹyọ kan ààbọ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́. Èyí tí mo ti fẹ́ jù nù, tí kì í kọjá 6 nígbàkígbà, 5 ló ń fún mi lálẹ́. Ta ló wáá sàn? Bọ́ọ̀lù kì í ṣe iṣẹ́ àárọ̀. Èyí tó ń fún mi ní 5 láìyẹ̀ ni mo mú, mo fi ekejì sílẹ̀ fún WhatsApp.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ wọ fast.com ní wákàtí tí ẹ máa ń wo nǹkan gan-an, níbi tí ẹ máa ń jókòó sí gan-an. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má ṣe kọ èyí tó ga jù. Èyí tó kéré jù ni kí ẹ kọ. Bí èyí tó kéré jù bá jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tó wà nínú tábìlì òkè yẹn, ẹ lè fọkàn balẹ̀. (Àyẹ̀wò náà ń jẹ dátà díẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ṣeré.)

Àwọn ọ̀pá kéékèèké tó wà lókè ojú fóònù ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. "Ọ̀gá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún dẹ́rùn, kí ló dé tó ń yí?" Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń béèrè. Ọ̀pá tó kún túmọ̀ sí pé ẹ ń gbóhùn òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáadáa. Kò túmọ̀ sí pé òpó náà ráyè tiyín. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá sún mọ́ ìyá oníyán débi tí ẹ ti ń gbóòórùn ọbẹ̀, àmọ́ tí ogójì èèyàn wà níwájú yín. Láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́, gbogbo ìlú ló tò síwájú ìyá oníyán.

Ògiri náà ní tirẹ̀. Ìgbì 4G tó wà ní MHz 700 tàbí 800 ń rìn jìnnà, ó sì ń wọ ògiri. Èyí tó wà ní 2600 ń ru ẹrù púpọ̀, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù méjì ti tó láti dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí fóònù fi ń sáré ní bàlíkónì, tí á sì máa rákò ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹ gbé àga yín kúrò nínú yàrá kí ẹ tó pààrọ̀ síìmù. Òkè ńkọ́? Ẹ̀yin ará Ìdànrè mọ ohun tí mo ń sọ. Níbi tí àpáta bá wà láàárín ilé àti òpó, kò sí ìpolówó tó lè gbé e kúrò. Síìmù tí àpáta kò dí lójú ni síìmù yín.

Bí fóònù yín bá ń já sí 3G ní gbogbo ìgbà, ẹ wọ ibi ètò síìmù kí ẹ wò bóyá ó gbà kí ẹ tì í mọ́ 4G nìkan. Ó ń ran bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ìpè lè má wọlé lórí àwọn fóònù kan ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi tì í, nítorí náà ẹ ṣí i padà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù.

Ráútà tàbí MiFi

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí wọ́n bá ti ra ráútà (àpótí tó ń fi Wi-Fi pín íntánẹ́ẹ̀tì) tàbí MiFi (ráútà kékeré tó ní bátìrì), ìṣòro tán. Síìmù náà ló wà nínú rẹ̀ o! Òpó kan náà ni yóò máa bá sọ̀rọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn kò bá dára ládùúgbò yín, ráútà rẹ̀ kò ní dára. Ẹ kọ́kọ́ fi síìmù wọn dán an wò nínú fóònù ní alẹ́ mẹ́ta kí ẹ tó sanwó, pàápàá torí pé ọ̀pọ̀ ráútà tí àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń tà kì í gba síìmù ẹlòmíràn.

Ibi tí ráútà ti ju fóònù lọ ni pé ó ṣeé gbé síbi tó bá yẹ. Ẹ lè gbé e kọ́ fèrèsé tó kọjú sí òpó, kí ẹ̀yin wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Èmi fi àjákù àǹkárá rán àpò kékeré fún MiFi mi, mo gbé e kọ́ irin fèrèsé. Ìyàtọ̀ àárín ibẹ̀ àti orí tábìlì ju ohun tí mo rò lọ. Ó tún ń gba fóònù lọ́wọ́ gbígbóná, torí Wi-Fi kì í jẹ bátìrì tó bí 4G ṣe ń jẹ ẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá ti lágbára.

Nínú ráútà, ẹ ó rí Wi-Fi méjì: 2.4 GHz àti 5 GHz. Èyí àkọ́kọ́ ń wọ ògiri, ṣùgbọ́n ráútà gbogbo àdúgbò ló ń jà lórí rẹ̀. Èkejì yára, kì í sì jìnnà. Bí ẹ bá wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ráútà, 5 GHz ni kí ẹ mú. Bí ògiri méjì bá wà láàárín, ẹ padà sí 2.4.

Àléébù rẹ̀ kò ju iná lọ. MiFi ní bátìrì, ó lè gbé yín dé òpin bọ́ọ̀lù. Ráútà ńlá kò ní. Bí iná bá lọ ní ìṣẹ́jú 80, ó ti tán, àyàfi tí ẹ bá ní ínfátà tàbí pawabáǹkì tó bá a mu. Ẹ tún ṣọ́ ọ̀rọ̀ "kò lópin" tí wọ́n ń kọ sára dátà ráútà. Ẹ ka lẹ́tà kéékèèké ìsàlẹ̀: ọ̀pọ̀ wọn lópin. Bí ẹ bá ti lo iye GB kan, wọ́n á dín ìyára kù títí oṣù á fi parí. Wọ́n ṣe é fún mi rí, n ò ní dárúkọ wọn. Láti ọjọ́ 19 oṣù títí dé ìparí, 360p gan-an ń há.

Starlink tí gbogbo àgbàlá pín

Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti ara sátẹ́láìtì wá, wọ Nàìjíríà, àwa sì ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó dé ní Áfíríkà. Sátẹ́láìtì tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n alàwo jìnnà tó bíi kìlómítà 36,000 sókè. Tirẹ̀ kò ju bíi 550 lọ, ìdí nìyẹn tí kì í fi fa ọ̀rọ̀. Owó àwo rẹ̀ kì í ṣe owó eré. Nítorí náà, ohun tí mo rí ní Ọ̀bá-Ilé àti ní agbègbè yunifásítì FUTA ni pé ẹnì kan á rà á, àwọn yòókù nínú àgbàlá á máa dáwó oṣù.

Ní àgbàlá tiwa, ọmọ onílé ló rà á. Láàárọ̀, kò sí ohun tó dà bí i. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù ní 1080p, kò ní há. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í há. Mo jáde, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀: "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé àwo ló ti yí ni?" Ó rẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá Télọ̀, ẹ má bínú. Àwọn ọmọ ilé kejì ló ń dáúnlóòdù géèmù." Ilé mẹ́jọ ló wà lórí àwo kan. Bí ẹ bá fẹ́ wọ irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ má kàn béèrè iye owó. Ẹ béèrè iye èèyàn tó wà lórí rẹ̀, àti bóyá wọ́n fi ìwọ̀n sí ohun tí ẹnì kan lè fà.

Nǹkan mẹ́ta mìíràn. Ó fẹ́ rí ojú ọ̀run gbangba; igi máńgòrò tó bá bò ó lórí á máa gé e ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ díẹ̀, èyí tí bọ́ọ̀lù kò sì gbà. Òjò ńlá náà ń dá a dúró, bí ó ti ń dá tẹlifíṣọ̀n alàwo dúró, ẹ sì mọ bí òjò ìlú wa ṣe rí láti oṣù Kẹfà. Àwo ńlá rẹ̀ ń jẹ wáàtì 50 sí 100, nítorí náà ẹ béèrè ẹni tó ń gbé iná rẹ̀ nígbà tí iná ìjọba bá lọ. Ní àgbàlá tiwa, kò sẹ́ni tó ń gbé e.

Ibo lẹ ti ń wò ó?

Bó bá jẹ́ ìròyìn, ẹ má náwó. Channels, TVC àti Arise ń gbé iṣẹ́ wọn lọ́wọ́lọ́wọ́ sórí YouTube, mi ò sì tíì rí áàpù tó mọ bí a ṣe ń dín àwòrán kù kí ó má baà há bíi YouTube. Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Bó bá ń há ṣáá, ẹ fà á sẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan. Fóònù á wá ní ohun tí yóò pọn pamọ́ níwájú, torí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀ ná. Ẹ ti dá àmù sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ ó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ kò ní há. Fún ìròyìn àti ìsìn ọjọ́ Àìkú, kò séwu. Fún bọ́ọ̀lù, ẹ kọ́kọ́ pa WhatsApp dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ará gúrúùpù á bà á jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Bó bá jẹ́ líìgì ilẹ̀ òkèèrè, áàpù tó gbowó ni. Ẹni tó bá ti ń san DStv nílé lè wò ó lórí DStv Stream láìsan owó mìíràn, àyàfi dátà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sanwó àwo lóṣooṣù tí wọn ò mọ̀ pé èyí wà. StarTimes náà ní áàpù tirẹ̀. Ẹ wo bọ́ọ̀lù tó wà nínú owó tí ẹ fẹ́ san kí ẹ tó san án, torí ẹ̀tọ́ líìgì máa ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Àwọn ojúewé olè tí wọ́n ń pín ní gúrúùpù, tí ẹ máa tẹ "X" lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ẹ tó rí pápá? Mo ti lò wọ́n, mi ò ní purọ́. Ìpolówó wọn ń jẹ dátà, wọ́n ń há gan-an nígbà tí èèyàn bá pọ̀, èyí sì máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú 85. Bí ọ̀kan bá ní kí ẹ gba áàpù rẹ̀ sórí fóònù tí ẹ fi ń ṣe báǹkì, ẹ sá. Ẹ pa VPN náà bí ẹ kò bá nílò rẹ̀; ọ̀nà yípo ló ń gbé yín gbà.

Fóònù fúnra rẹ̀

Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀lù ń há, síìmù ń fún mi ní Mbps 9. Ọmọ iṣẹ́ mi gbé fóònù náà kúrò lórí máṣíìnì, ó sì yára gbé e padà. "Ọ̀gá, fóònù yín gbóná bí áyọ́ọ̀nù eléèédú!" Ó wà lẹ́nu ṣájà, ó wà nínú kọfà rọ́bà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ga dé òpin, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Fóònù tó bá gbóná máa ń dín agbára ara rẹ̀ kù kí ó má baà jóná, àwòrán á sì máa fò. A yọ kọfà, a yọ ọ́ lẹ́nu ṣájà, a dín ìmọ́lẹ̀, a sì tì í kúrò nínú oòrùn. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ó ti balẹ̀. Láti ìgbà náà, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń gba iná sí i.

Ẹ tún dá Play Store dúró kó má máa ṣe àtúnṣe áàpù lábẹ́lẹ̀, kí ẹ sì pa ìpamọ́ fọ́tò sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn tó.

Rédíò, fún ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀

Bí fóònù yín bá ní FM, ẹ ki okùn etí olókùn bọ̀ ọ́. Okùn yẹn ni éríà rẹ̀. Kò jẹ dátà, kì í há. Tí Positive FM 102.5 tàbí Adaba 88.9 bá ń sọ bọ́ọ̀lù yẹn, ẹ ó gbọ́ góòlù kí ó tó dé orí fóònù ẹnikẹ́ni nínú àgbàlá. Àwọn àgbà wa mọ nǹkan kan.

Tèmi nìyí, èwo ni kí ẹ mú?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé nítòsí FUTA, tó ń wo ìròyìn àti bọ́ọ̀lù kan lọ́sẹ̀: síìmù méjì nínú fóònù kan, èyí tó bá yege lálẹ́ fún dátà, 480p. Kó má ra ráútà. Ìyá tó ní ọmọ mẹ́rin nílé tí gbogbo wọn ń fa nǹkan: ráútà ńlá ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, lẹ́yìn tó bá ti fi síìmù dán an wò, pẹ̀lú ohun tí yóò máa gbé iná rẹ̀. Àgbàlá tí wọ́n bára wọn mọ́ra, tí ojú ọ̀run sì ṣí sílẹ̀ lókè wọn: Starlink, àmọ́ kí wọ́n kọ iye èèyàn àti owó iná sílẹ̀ kí wọ́n tó dáwó. Ẹni tó wà lẹ́yìn àpáta, tí síìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ̀ jálẹ̀ fún: Starlink tàbí àwo tẹlifíṣọ̀n, kó yéé ju owó sínú dátà.

Oníṣọ́ọ̀bù bíi tèmi, tí kò lè kúrò nídìí iṣẹ́: MiFi ní fèrèsé, síìmù tó ń fún mi ní 5 láìyẹ̀, 480p, fóònù láìsí kọfà. Ó ti lé lóṣù mẹ́rin báyìí tí òrùka yẹn kò tíì yí níwájú mi ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ní ti ariwo ìsọdá gọ́tà, mi ò tíì rí ráútà tó ń wò ó. Ilẹ̀kùn ni mo máa ń tì.